Lékeléke Southport

Ká ní ẹnì kan sọ fún Ayọ̀bámi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wọ ọkọ̀ ojú irin, tí yóò tún wọ bọ́ọ̀sì lé e, nítorí àtilọ wo lékeléke, yóò ní ẹni náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní Ayétòrò tí wọ́n ti bí i, ta ló ń wo lékeléke? Ẹyẹ tó ń tẹ̀lé màlúù kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì tilẹ̀ yí ojú sí i. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ti Ayọ̀bámi yàtọ̀ díẹ̀. Òun fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò nílé, ó wá ń wá a kiri Sókótó.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Blackley, lápá àríwá Manchester, ló ń gbé, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ládùúgbò náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí iyè wọn ti rá ni wọ́n fi sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń wá bàtà wọn nígbà tí wọ́n bá lọ fi pa mọ́ sínú ibi ìfọṣọ. Kò níyàwó mọ́. Èyí tó fẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ jáde kó tó kúrò ní Nàìjíríà, kò sì sọ́mọ láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ ló kù fún un, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Fúnmi, tó ń bá ìyá náà gbé ní Ayétòrò. Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń fi ọmọ èèyàn ṣẹ̀sín: bó ṣe ń tọ́jú ìyá oníyàá nítorí ìgbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbé kan náà wọ orí ìyá tirẹ̀.

Oṣù mẹ́rin rèé tí ìyá rẹ̀ kò ti mọ̀ ọ́n mọ́. Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè é, ìyẹn ṣì ṣeé gbà. Lẹ́yìn náà kò pè é lórúkọ kankan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí wọ́n jọ ń rí ara wọn lójú fóònù, ìyá náà wò ó títí, ó wá yíjú sí Fúnmi, ó ní, “Ta ni ọkùnrin yìí? Kí ló ń tà?” Fúnmi rẹ́rìn-ín. Ayọ̀bámi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pa fóònù tán, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà iṣẹ́, ìrẹsì tó gbé kaná sì jóná mọ́ ìkòkò.

Kò kúkú lè lọ sílé lọ wò ó. Ìwé tó fi ń gbé ìlú wà lọ́wọ́ ìjọba fún àtúnṣe, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá fi ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ òyìnbó kí èsì tó jáde, gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ti wó nìyẹn. Ìgbà tí èsì yóò jáde, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé ló rí lékeléke. Ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ oats sẹ́nu bàbá arúgbó kan nínú yàrá ìjókòó níbi iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n wà lórí ogiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹyẹ etí òkun. Ló bá rí ẹyẹ funfun márùn-ún tó ń rìn gbéregbère láàárín màlúù. Ṣíbí dúró lófuurufú. Bàbá arúgbó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ẹyẹ náà kò sí nílùú yìí tẹ́lẹ̀, pé láti ilẹ̀ olóoru ló ti wá, pé nítòsí Southport ni wọ́n wà, wọ́n sì ti ń pamọ síbẹ̀. Ayọ̀bámi mi orí. Àwọn yìí wọ̀lú, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé.

Ìyá rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, méje, tí lékeléke bá ń wọ́ lọ sílé lálẹ́, gbogbo ọmọdé àdúgbò ni yóò jáde síta, wọn á na ìka ọwọ́ méjèèjì sókè, wọn á máa gbọn èékánná, wọn á máa bẹ àwọn ẹyẹ náà kí wọ́n fún àwọn ní funfun. Eré ọmọdé ni. Àgbà kì í bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá Ayọ̀bámi yóò fi ẹ̀gẹ́ tó ń bó sílẹ̀, yóò nu ọwọ́ mọ́ ìró, yóò wá dúró ti ọmọ rẹ̀, yóò gbọn tirẹ̀ náà. Àwọn orogún rẹ̀ á máa fi í rẹ́rìn-ín. Bí àmì funfun bá yọ lórí èékánná ọmọ náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò fà á mọ́ra, yóò ní, “Wọ́n ti gbọ́ tìẹ.”

Ayọ̀bámi wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá lè gbàgbé ojú òun, torí òun ti sanra, òun ti dá irùngbọ̀n sí, ewú sì ti yọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbàgbé eré lékeléke yìí. Bó bá rí lékeléke, tó sì rí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ òun ni. Ohun tó ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó pè é lọ́mọ.

Ó ránṣẹ́ sí Fúnmi. Fúnmi ní àárọ̀ lojú màmá máa ń mọ́, pé tó bá ti di agogo kan ọ̀sán, wọn á sùn, bí wọ́n bá sì jí, wọn kì í mọ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Inú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wà, aago Manchester àti ti Ayétòrò kò ya ara wọn. Bó ṣe wá di òwúrọ̀ Sátidé tí kò níṣẹ́ nìyẹn, ó wọ kóòtù, ó mú fóònù tó ti kún fún iná, ó bọ́ sọ́nà.

Ibùdókọ̀ ojú irin ló wà nígbà tí Solomon pè é. Arákùnrin inú ìjọ wọn ni Solomon, òun ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń pa èèyàn tì, ká má purọ́ mọ́ ọn.

“Brother Bámi, a ò rí yín o. Workers' meeting ti fẹ́ start.”

“Ẹ bá mi bẹ pásítọ̀. Southport ni mò ń lọ.”

“Southport kẹ̀? Ṣé wọ́n fún yín ní extra shift ni?”

“Rárá o. Mo fẹ́ lọ wo ẹyẹ ni.”

“Ẹyẹ bíi ti báwo?”

“Lékeléke.”

“Ẹ fẹ́ pa á ni?”

“Mo fẹ́ wò ó ni.”

“Brother Bámi,” Solomon rẹ ohùn sílẹ̀, “ṣé ẹ ń sùn dáadáa ṣá? Night shift yìí, ó máa ń ká èèyàn lórí. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.” Kí Ayọ̀bámi tó sọ pé rárá, Solomon ti bẹ̀rẹ̀. Àdúrà náà gùn. Ó de gbogbo ẹyẹ tó ń ké láti ilé bàbá, ó ṣẹ́ wọn lápá, ó ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ayọ̀bámi ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí àdúrà kì í pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ń bẹ Ọlọ́run kó yọ lékeléke sílẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣẹ́ lápá.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Ọkọ̀ náà kún débi pé àwọn kan dúró, síbẹ̀ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo títí ó fi dé Southport. Kò bínú, ó ti mọ́ ọn lára. Àmọ́ ohun tó mọ́ni lára kò ní kó má dunni. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga náà kó lè dà bíi pé òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ ní Marshside, níbi tí ilé parí sí. Ó ti ń retí òkun. Òkun kò sí níbẹ̀. Lápá kan títì, koríko àti ẹrẹ̀ ló tẹ́ lọ rẹrẹ, omi ti fà sẹ́yìn débi pé ojú kò tó o. Lápá kejì, adágún omi àti pápá ni. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ibi tí òkun sá lọ, ó ń wọ inú etí. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá ń fò lókè lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Èèyàn kọ̀ọ̀kan ń fa ajá kọjá, wọn á mi orí sí i, òun náà á mi orí. Ó wá rántí pé láti ìgbà tí Solomon ti pa fóònù, òun kò tíì la ẹnu.

Obìnrin òyìnbó arúgbó kan dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú awò gígùn kan lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tó ń fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn wá sí iwájú ojú. Yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ sọ o, èmi ni mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” Ayọ̀bámi ní.

“Naomi ni mo ń jẹ́. Èmi kọ́ ni ọbabìnrin tí ẹ ó fi máa pè mí ní mà.”

“Ẹ má bínú, Naomi mà.” Ẹnu rẹ̀ kò lè pe orúkọ ẹni tó tó ìyá rẹ̀ láìfi mà kún un.

Naomi bi í pé kí ló ń wá. Ó ní ẹyẹ funfun. Naomi ní ẹyẹ funfun mà pọ̀ níbí, ó sì na ìka sí ọ̀kan tó dúró ní etí omi, ó funfun báláú, ọrùn rẹ̀ gùn. Ayọ̀bámi kò rántí dúpẹ́. Ó ti ń tẹ fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ sà,” Fúnmi dáhùn. “Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun, ojú wọn mọ́ dáadáa lónìí. Ẹ jẹ́ ká yára ṣe é, light ò sí látàná, fóònù mi ò ju twenty percent lọ.”

“Gbé e sún mọ́ wọn. Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ wo lékeléke.” Ó yí kámẹ́rà fóònù sí ẹyẹ náà.

Ìyá náà gbé ojú sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ àti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni Ayọ̀bámi ń rí. Ó wò ó.

“Òun kọ́,” ó ní.

“Òun ni, mà. Ẹ wò ó dáadáa.”

“Ẹnu rẹ̀ dúdú. Ta ló rí lékeléke ẹlẹ́nu dúdú rí? Ẹnu lékeléke máa ń pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Inú omi ló tún dúró sí yìí. Màlúù rẹ̀ dà?” Ó yíjú sí Fúnmi. “Ọlọ́jà ọjọ́sí ni, àbí? Ó tún ti gbé ayédèrú wá.”

Ẹ̀rín pa Ayọ̀bámi, omi sì dé sí i lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ó tún wo ẹyẹ náà, òótọ́ lọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọdún mẹ́ta péré ní ìlú òyìnbó, gbogbo ohun funfun ti di lékeléke lójú rẹ̀. Àmọ́ ìrètí rẹ̀ tún wá lágbára sí i. Ẹni tó jókòó ní Ayétòrò, tó fi àwọ̀ ẹnu ẹyẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra, ṣé yóò ṣòro fún un láti mọ ọmọ tó bí?

“Fúnmi, má jẹ́ kí wọ́n sùn. Mo ń lọ wá màlúù.”

Naomi ti gbọ́ ohùn. “Ta nìyẹn?”

“Ìyá mi ni. Wọ́n wà nílé. Wọ́n ní ẹyẹ yìí kọ́, wọ́n ní màlúù rẹ̀ dà.”

Naomi fi ojú kan awò rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà mú. Ó ní òótọ́ ni màmá sọ, pé ojú wọn dá ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá síbí lọ. Àwọn tó ń tẹ̀lé màlúù wà ní ìparí pápá lọ́hùn-ún, ó ní, níwájú ahéré onígi tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ń wo ẹyẹ. Ó ní ibẹ̀ lòun náà ń lọ, àmọ́ orúnkún ń dun òun, kí ó máa lọ níwájú.

Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ayọ̀bámi gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́fà, ó bojú wẹ̀yìn. Arúgbó náà ti ká igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e lé èjìká, ó ń tiro bọ̀. Bí Ayọ̀bámi ṣe padà nìyẹn o, tó gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, ojú rẹ̀ kò lè rí arúgbó lábẹ́ ẹrù kó kọjá. Wọ́n wá ń rìn jẹ́jẹ́, ìrìn orúnkún Naomi. Naomi ń sọ orúkọ àwọn ẹyẹ fún un, ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun a máa wá lójoojúmọ́ tí òjò kò bá rọ̀, pé òun mọ orúkọ ẹyẹ ju orúkọ àwọn aládùúgbò òun lọ. Ayọ̀bámi ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni mà”, ó ń wo aago. Inú ń bí i díẹ̀, kì í ṣe sí Naomi. Ó ń rò ó pé láti ọdún mẹ́ta, ìrìn ìyá oníyàá lòun ń rìn, tí tòun sì ń dúró.

Agogo kan ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n wọ inú ahéré náà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, bẹ́ńṣì gígùn wà níbẹ̀, fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ wà níwájú rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì. Èèyàn mẹ́rin ti jókòó, wọ́n fi awò bo ojú. Kò sẹ́ni tó kí wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì Ayọ̀bámi kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí pásítọ̀ bá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó yọ́ jókòó, ó wo ìta.

Màlúù ni. Dúdú, àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n tó ogún, wọ́n ń jẹko, ìrù wọn ń lé eṣinṣin. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, lékeléke méje. Wọ́n ń rìn bí wọ́n ṣe ń rìn nílé, wọ́n ń na ọrùn síwájú, wọ́n ń fà á padà, ọ̀kan dúró lórí ẹ̀yìn màlúù bíi pé òun ló rà á. Ẹnu wọn pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Òórùn ìgbẹ́ màlúù gba ojú fèrèsé wọlé. Kò tíì rí ohunkóhun nílùú yìí tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, àfi àwọn yìí.

Ó pe Fúnmi. Kò wọlé. Ó tún un pè. Fóònù kú sọ́hùn-ún. Agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó gbé fóònù lé orí itan, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń gbàdúrà tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fóònù dún, ariwo rẹ̀ sì la ahéré já. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan yíjú wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìsọ̀ Rọ́fíàt aládùúgbò wa la wà,” Fúnmi ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Gẹ́nẹ́rétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo mú wọn lọ́wọ́ wá. Wọ́n ń tòògbé o.”

Ayọ̀bámi gbé fóònù ti férémù fèrèsé, kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí pápá. “Ìyá mi,” ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ wò ó.”

Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ojú náà ti rọ, ìpéǹpéjú ti ń wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ìpéǹpéjú gbéra. Ẹnu là díẹ̀. Ó wá rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ fóònù, àwọn ìka tí làkúrègbé ti ká, wọ́n nà bí wọ́n ṣe lè nà mọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá náà ń bẹ lékeléke. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀bẹ̀ náà.

Ta ló máa jókòó? Ayọ̀bámi na ọwọ́ méjèèjì gba ojú fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ náà síta, bàbá ńlá tó ń lọ sí àádọ́ta ọdún, ó ń gbọn èékánná, ó ń fi gbogbo ohùn bá ìyá rẹ̀ bẹ lékeléke. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, ariwo ni wọ́n fi ń ṣe é, lékeléke ilé kò sì bìkítà. Ti Southport kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Méjèèje gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fò lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, lẹ́yìn odi, wọn kò ṣeé rí mọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa sọ̀rọ̀ kan tí kò dára. Ẹlòmíì pòṣé. Naomi ní kí wọ́n fi Ayọ̀bámi sílẹ̀.

“Ọwọ́ ta nìyẹn?” ìyá Ayọ̀bámi bèèrè láti inú fóònù.

Ó yí fóònù padà sí ojú ara rẹ̀. “Èmi ni, ìyá mi.”

Ìyá náà wò ó. Kò wo ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Ó wo irùngbọ̀n, ó wo ewú, ó wo ojú, ojú rẹ̀ sì rọ̀, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀rín tí Ayọ̀bámi mọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé.

“Ẹ ṣeun, bàbá,” ìyá rẹ̀ ní. “Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ti ṣe é fún mi lónìí. Ọmọkùnrin mi kan wà, kò sóhun tó fẹ́ràn tó ẹyẹ yìí. Ilé ìwé ló lọ. Ó máa dùn ún pé kò sí ńlé.”

“Màámi,” ohùn Fúnmi ti ń fọ́, “òun mà nìyí, òun gan-an ló ń bá yín—”

“Fúnmi, fi wọ́n sílẹ̀,” Ayọ̀bámi ní.

Níbi iṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má ṣe bá ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá jiyàn. Ibi tó bá wà ni kí o lọ bá a, má fi tipátipá fà á wá síbi tí o wà. Ayọ̀bámi ti sọ ọ́ fún ọmọ àwọn ẹlòmíì tó wá kí òbí wọn láìmọye ìgbà, a sì máa fi ọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo báyìí nígbà tó bá kan ìyá ẹni.

“Kí lorúkọ ọmọ náà, mà?” ó bèèrè.

“Ayọ̀bámi. Àkànní ọkọ mi. Ẹ bá mi wò ó, ó ti yẹ kó ti dé, oòrùn ti kan àtàrí. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kì í dúró síbì kan. Ṣé ojú ọ̀nà lẹ̀yin wà?”

“Ojú ọ̀nà ni mo wà, mà.”

“Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un kó máa bọ̀ nílé. Ẹ ní mo ti bu oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́. Mi ò ní jẹun títí yóò fi dé.”

“Màá sọ fún un, mà.”

“Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìyá tiyín náà fojú rí yín.”

Ayọ̀bámi gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kí àmín tó jáde. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti àga ìsọ̀ Rọ́fíàt, ojú rẹ̀ sì pa dé. Fúnmi ní òun á pè é lálẹ́. Ó pa fóònù.

Àwọn mẹ́rin tó wà nínú ahéré ti ń kó awò wọn sínú àpò, wọ́n ń jáde lọ wá ẹyẹ níbòmíì. Naomi nìkan ló dúró. Ó sún mọ́ ọn lórí bẹ́ńṣì.

“Ṣé wọ́n rí i? Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́?”

“Èyí ni.”

“Kí ni màmá wí?”

“Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé.”

Naomi wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin yóò kọjá ní ogún ìṣẹ́jú sí i, pé bó bá yá ẹsẹ̀, yóò bá a.